Ibi tí agbára agbaninímọ̀ràn mọ nínú ọ̀rọ̀ bárakú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọtí líle ti di bárakú fún àbúrò mi ọkùnrin láti nǹkan bí ọdún 11 sẹ́yìn. Oṣù 8 ló fi ń lọ rí agbaninímọ̀ràn kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jáwọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì padà sídìí ọtí. Nígbà kejì, gìrì mú un lọ́jọ́ kejì tó ṣíwọ́, a sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni agbaninímọ̀ràn yìí pè wá, tó sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbára òun. Inú bí mi púpọ̀. Ṣé ó yẹ kí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí sọ bẹ́ẹ̀? Kí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀, ibo ni agbára rẹ̀ mọ, ṣé kí a wá ẹlòmíràn ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú àìsùn. Ẹ̀gbọ́n tó ti dúró ti àbúrò rẹ̀ láti ọdún 11 ní ẹ̀tọ́ láti bínú, n kò sì ní sọ pé kí ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó bí yín nínú yẹn, ẹni méjì tí ìwà wọn kò jọra rárá ló lè sọ ọ́. Ẹnì kìíní ni ẹni tó ti rẹ̀, tó kàn fẹ́ yọwọ́ yọsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kejì ni ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi tó parí sí, tó wá ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ kò tó. Lẹ́tà yín kò sọ ohun tó tẹ̀ lé gbólóhùn náà, bẹ́ẹ̀ ohun tó tẹ̀ lé e gan-an ló máa fi irú ẹni tó jẹ́ hàn yín: bóyá ó dárúkọ dókítà tó yẹ kí ẹ lọ rí, bóyá ó ní òun máa kọ̀wé sí i, tàbí ó kàn sọ pé ó dàbọ̀.

Èmi náà ní ohun kan tí màá bá a wí lé lórí, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí èyí tó ń bí yín nínú. Pé ó sọ pé ọ̀rọ̀ kọjá agbára òun kò dùn mí rárá. Pé oṣù kẹjọ ló tó sọ ọ́ ni mo rí wí sí. Apá kan nínú ọ̀rọ̀ àbúrò yín ti kọjá agbára agbaninímọ̀ràn èyíkéyìí láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ó sì yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Apá tí mo ń sọ ni ara.

Iṣẹ́ tí ọtí ń ṣe nínú ọpọlọ ni pé ó ń mú kí ó rọlẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, ọpọlọ kì í jókòó kí ó máa wòran. Yóò máa ta kò ó, yóò máa gbé ara rẹ̀ sókè kí ó má baà sùn lọ. Ó dà bí ẹni méjì tó ń ti ilẹ̀kùn kan náà, tí ọ̀kan wà níta, tí èkejì wà nínú yàrá. Lọ́jọ́ tí ẹni tó wà níta bá ṣàdédé fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ńṣe ni ẹni tó wà nínú máa já lulẹ̀ síta pẹ̀lú gbogbo agbára tó fi ń tì í. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọtí bá ṣíwọ́ lójijì. Láàárín wákàtí mélòó kan, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á máa bò ó, àyà rẹ̀ á máa já. Gìrì lè mú un láàárín wákàtí 6 sí 48 lẹ́yìn ife tó mu kẹ́yìn. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni èyí tó burú jù lọ lè dé: iyè rẹ̀ á dàrú, á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, bí wọn kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè kú.

Gìrì tó mú àbúrò yín lọ́jọ́ kejì bọ́ sínú àkókò yìí gẹ́lẹ́. Kì í ṣe àmì pé kò fẹ́ jáwọ́, kì í sì í ṣe àmì pé ọkàn rẹ̀ kò le tó. Ó jáwọ́ lóòótọ́; bó ṣe jáwọ́ ló léwu. Kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn tó, kò sí ìmọ̀ràn tó jinlẹ̀ tó, tó lè dá irú gìrì bẹ́ẹ̀ dúró. Ohun tí dókítà máa ń ṣe ni pé ó máa fún aláìsàn ní oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, wọ́n á máa dín in kù lójoojúmọ́ títí ọpọlọ á fi tún kọ́ bí a ti ń dúró láìsí ọtí. Wọ́n á sì fún un ní fítámì B1, nítorí àmujù ọtí máa ń jẹ́ kí ó tán lára, àìtó rẹ̀ sì lè ba ọpọlọ jẹ́ débi tí ènìyàn kò fi ní lè fi nǹkan tuntun sórí mọ́.

Agbaninímọ̀ràn kò ní àṣẹ láti fúnni ní èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni láti béèrè. Bí ẹni tó ń mutí bá jókòó níwájú mi nígbà àkọ́kọ́, kí n tó béèrè ìdí tó fi ń mu ún, mo máa ń béèrè bóyá ó máa ń mu ún láàárọ̀ kí ó tó ṣe ohunkóhun, bóyá ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n títí dìgbà tó bá mu ún, bóyá gìrì ti mú un rí, àti bóyá oògùn oorun tàbí oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ kan wà tó ń lò pọ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ̀ dókítà ni a ó kọ́kọ́ gbà, ìjíròrò tiwa á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí gìrì ti mú lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ń jáwọ́ nínú ọtí wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ bí ó bá tún fẹ́ jáwọ́. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá gbàgbé nínú ìdáhùn yìí, ẹ má gbàgbé pé àbúrò yín kò gbọ́dọ̀ tún dá ṣíwọ́ ọtí lójijì nínú ilé láìsí dókítà, bó ti wù kí ìpinnu rẹ̀ lágbára tó.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún àwọn oògùn oorun àti oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní benzodiazepine. A kì í ṣíwọ́ wọn lójijì. Ti heroin, oògùn olóró kan, àti àwọn oògùn apàrora tó bá a tan yàtọ̀ díẹ̀. Ìnira tó wà nínú jíjáwọ́ nínú wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ìnira náà fúnra rẹ̀ kì í sábà pani. Ẹ̀yìn ìjáwọ́ ni ewu tiwọn wà, nígbà tí ara kò lè gba ìwọ̀n àtijọ́ mọ́, tí ẹni náà sì padà sí ìwọ̀n náà, tí èémí rẹ̀ á sì dúró. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 lórí àwọn tó jáde lẹ́wọ̀n ní ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ tí wọ́n jáde, ewu kí àlòjù oògùn pa wọ́n jẹ́ ìlọ́po 129 ti àwọn ará ìlú yòókù. Agbaninímọ̀ràn tó ń yin ẹnì kan pé ó ti lo oṣù 3 láìfọwọ́ kan heroin, tí kò sì kìlọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún un, ìyìn lásán ló ń yìn ín.

Mo ti ṣe àṣìṣe nídìí ọ̀rọ̀ ara yìí rí. Obìnrin kan ń wá sọ́dọ̀ mi. Ó jáwọ́ nínú ọtí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ balẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù, mo sì ń kan sáárá sí ara mi nínú ọkàn mi. Ó tó oṣù 2 kí n tó mọ̀ pé oògùn oorun ló fi rọ́pò ọtí, àti pé ìfọ̀kànbalẹ̀ tí mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló mú wá, inú ìgò oògùn ló ti ń wá. N kò béèrè, òun náà kò sì sọ. Ohun tí wọ́n bá fi hàn wá nìkan ni à ń rí nínú yàrá yẹn. A kì í yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, a kì í tẹ̀ lé ènìyàn délé, ẹni tí bárakú bá sì ti dì mú máa ń mọ irọ́ pa ju bó ṣe mọ̀ ọ́n pa tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí irọ́ ni ọgbà tó fi yí ọtí rẹ̀ ká.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Dókítà lè dènà gìrì, ṣùgbọ́n kì í sábà ní àyè láti jókòó fún wákàtí kan gbáko kí ó gbọ́ ohun tó ń fa ènìyàn padà sídìí ọtí lẹ́yìn tí ara ti balẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ gidi sì ni. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ló gbà pé ńṣe ni ó yẹ kí a máa fi ọ̀rọ̀ gún ẹni tó ń mutí lójú títí á fi jẹ́wọ́. Ní ọdún 1983 ni William R. Miller, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde tó la ọ̀nà mìíràn. Ó ti kíyè sí i pé bí agbaninímọ̀ràn bá ṣe ń ta ko ẹni náà sí ni ẹni náà á ṣe máa rí ọ̀rọ̀ fi gbèjà ọtí, etí rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Bí mo bá sọ fún àbúrò yín pé, “Ọtí yìí máa pa ọ́,” ohun tó kù fún un láti fi fèsì ni pé òun mọ arúgbó kan tó mu ún títí tó fi pé 80 ọdún. Bí mo bá sì bi í léèrè pé nínú gbogbo ohun tí ọtí ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èwo ló ń dùn ún jù, òun fúnra rẹ̀ lè sọ pé ọmọ òun kì í jókòó ti òun mọ́. Ẹni tó bá ti sọ irú gbólóhùn yẹn ti bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ju bí mo ṣe lè bá a sọ ọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ọ̀nà yìí kò lè ṣe. Ó lè fa ìfẹ́ tó ti wà nínú ènìyàn jáde. Kò lè bu ìfẹ́ sínú rẹ̀ bí ẹni bu omi sínú ìkòkò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ló ní ọkàn méjì, ọ̀kan fẹ́ jáwọ́, èkejì kò fẹ́, èyí tó fẹ́ jáwọ́ ni a sì ń bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fa àbúrò yín lọ, tó sì ń jókòó síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí kí ilé lè tòrò, oṣù 8 lè kọjá báyẹn láìsí ohun tó yí padà, kí agbaninímọ̀ràn náà má sì jẹ̀bi ohunkóhun ju pé kò tètè sọ fún yín pé ènìyàn ń wá, ọkàn rẹ̀ kò bá a wá.

Nípa wíwá ẹlòmíràn, àwọn ìwádìí kan wà tó yẹ kí ó mú kí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí rẹ ara wa sílẹ̀. Ní ọdún 1977, Griffith Edwards, Jim Orford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní London tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí ọkùnrin 100 tó ní aya nílé, tí ọtí sì ti di ìṣòro fún. Wọ́n yẹ gbogbo wọn wò fínnífínní. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún àwọn kan ní ìmọ̀ràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn yòókù sì gba ìtọ́jú fún oṣù púpọ̀. Nígbà tó pé ọdún kan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìsọ̀rí méjèèjì kò tó nǹkan. Ní ọdún 1997, èsì ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n pè ní Project MATCH, jáde. Ènìyàn 1,726 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi oríṣi ìgbaninímọ̀ràn 3 wé ara wọn. Àwọn tó gbà á dín ọtí wọn kù gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta náà tó fi bẹ́ẹ̀ ta àwọn yòókù yọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń polówó fún yín pé ọ̀nà tòun nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹ rọra. Ohun tó máa ń mú ìyàtọ̀ wá ju ọ̀nà lọ ni ẹni tó ń lò ó. Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí èyí láti ọdún 1980: àwọn agbaninímọ̀ràn tó mọ bí a ti ń fi ara sí ipò ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn oníbàárà wọn dín ọtí kù jù. Bí àbúrò yín bá fọkàn tán ẹni tó ń lọ rí yìí, tó sì ń sọ òótọ́ fún un ju bó ṣe ń sọ fún yín lọ, ẹ má yára gbé e kúrò níbẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mo máa ń sọ fún àwọn mọ̀lẹ́bí pé wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Agbaninímọ̀ràn ní ọ̀kan. 167 yòókù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè yan ọ̀rẹ́ fún ènìyàn, kò lè wá iṣẹ́ fún un, kò lè parí ìjà tọkọtaya, kò sì lè kó o kúrò ládùúgbò tí ọtí ti ń pè é láti ìgbà tó bá ti jí. Bóyá ìtàn tó jẹ́ kí èyí yé mi jù ni ti àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó jà ní Vietnam. Lee Robins, oníwàádìí kan, tẹ̀ lé àwọn tó padà sílé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, nígbà tí heroin ti gbilẹ̀ láàárín wọn lọ́hùn-ún. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 5 ló sọ pé ó ti di bárakú fún òun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn yìí, nǹkan bí 5 nínú 100 péré ló tún bọ́ sínú rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n délé, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló gba ìtọ́jú. Àwọn kan máa ń fi ìtàn yìí sọ pé bárakú kò le tó bí a ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn ọmọ ogun yẹn fi ibi tí wọ́n ti ń lo heroin sílẹ̀ sẹ́yìn òkun, wọ́n wá sílé. Ẹni tó lọ gba ìtọ́jú ní tirẹ̀, ilé tó ti ń mu ún gan-an ló ń padà sí.

Nínú wákàtí 167 yẹn, ẹ̀yin ẹbí ní ipa láti kó, àìmọ èyí sì ni àṣìṣe kejì tí mo fura pé ó ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín. Miller, Robert Meyers àti ẹlẹgbẹ́ wọn kan tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1999 lórí àwọn ẹbí tí ẹni wọn tó ń mutí kọ̀ jálẹ̀ láti gba ìtọ́jú. Níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn ẹbí kàn gba kámú, kí wọ́n máa tọ́jú ara wọn nìkan, 13 nínú 100 àwọn tó ń mutí ló wá gba ìtọ́jú. Níbi tí wọ́n ti kọ́ wọn láti kó ara wọn jọ kí wọ́n ká a mọ́ ibì kan lójijì, kí wọ́n bá a sọ ojú abẹ níkòó, ó jẹ́ 30. Níbi tí wọ́n ti kọ́ wọn ní ìwà tí wọ́n á máa hù lójoojúmọ́, ó jẹ́ 64. Ìwà ojoojúmọ́ yìí kò ṣòro láti sọ, ó kàn ṣòro láti ṣe ni: kí ẹ súnmọ́ ọn, kí ẹ bá a ṣeré nígbà tí ojú rẹ̀ bá mọ́, kí ẹ fi í sílẹ̀ láìjà nígbà tó bá ti yó, kí ẹ má máa bá a parọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, kí ẹ má sì máa san gbèsè ọtí fún un, kí ẹ sì mọ àkókò tí ẹ máa dá ọ̀rọ̀ ìtọ́jú sílẹ̀, ìyẹn nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá ń kábàámọ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹ̀yin bá ń bínú. Agbaninímọ̀ràn lè kọ́ yín ní èyí kódà lọ́sẹ̀ tí àbúrò yín kò bá wá rárá.

Ó ṣeé ṣe kí inú tún máa bí yín pé kì í sọ ohun tí wọ́n jọ ń sọ fún yín. Ẹ má fi ìyẹn kún ẹ̀sùn rẹ̀. Àṣírí tó ń pa mọ́ ni ìdí tí àbúrò yín fi lè la ẹnu. Ibi tí àṣírí náà dópin sí ni ibi tí ẹ̀mí bá ti wọ̀ ọ́, bíi kí ẹni náà sọ pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí ẹlòmíràn, tàbí kí ó hàn pé ọmọdé kan wà nínú ewu. Èyí tún tọ́ka sí ààlà mìíràn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìpayà tó kù lára ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí ohun búburú, àti àwọn àìsàn ọpọlọ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ sábà máa ń gbé pọ̀ pẹ̀lú bárakú, ó sì máa ń ṣòro láti mọ èyí tó bí èkejì. Bí ọtí bá ti kúrò lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ìbànújẹ́ kò sì kúrò, tàbí tí ẹni náà ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, dókítà ọpọlọ ló ni í. Agbaninímọ̀ràn tó bá di irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ń ṣe é níkà láìmọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì tó padà sídìí ọtí ńkọ́? Mi ò lè fi ìyẹn dá agbaninímọ̀ràn lẹ́bi. Ní ọdún 2000, Thomas McLellan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi bárakú wé àwọn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ mìíràn. Wọ́n rí i pé láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìtọ́jú, 40 sí 60 nínú 100 ló ń padà sí ohun tí wọ́n ń lò, àti pé àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée (asthma), tí àìsàn wọn ń padà dé lẹ́yìn ìtọ́jú, kò kéré sí ìyẹn. Síbẹ̀, àfiwé yìí kì í ṣe àwáwí. Dókítà tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan kò bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á pààrọ̀ rẹ̀, á fi òmíràn kún un, tàbí á darí aláìsàn sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Agbaninímọ̀ràn tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ọdún 2 fún ẹni tí kò yàtọ̀ ló yẹ kí a bínú sí ju ẹni tó pè yín lóṣù kẹjọ lọ.

Ààlà kan ṣì wà tí àwa fúnra wa kì í fẹ́ sọ, ìyẹn ni ti ọkàn agbaninímọ̀ràn alára. Ó máa ń wù wá láti gba ènìyàn là. Èyí ló ń mú kí àwọn kan máa yá oníbàárà lówó, kí wọ́n máa gbé ìpè rẹ̀ ní ààjìn òru, kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́. Bí ìjáwọ́ bá ti wá ń jẹ agbaninímọ̀ràn lọ́kàn ju bó ṣe ń jẹ ẹni tó ni ín lọ, ìtọ́jú ti bàjẹ́, nítorí ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an pamọ́ kí ó má baà já a kulẹ̀. Àwọn tí ọtí ti dì mú rí, tí wọ́n sì bọ́, wà nínú iṣẹ́ wa, wọ́n sì wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n kòtò tiwọn ni pé wọ́n lè rò pé ọ̀nà tí àwọn gbà bọ́ nìkan ni ọ̀nà. N kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó pè yín. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti kíyè sí i pé òun ti ń wọnú ọ̀rọ̀ àbúrò yín ju bó ṣe yẹ lọ, ó ṣe dáadáa bó ṣe sọ ọ́ síta.

Ẹ padà lọ bá a, nígbà yìí pẹ̀lú àbúrò yín bí ó bá gbà. Ẹ bi í léèrè èwo gan-an nínú ọ̀rọ̀ náà ló kọjá agbára rẹ̀: ṣé ti gìrì ni, ṣé ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ṣé pé àbúrò yín kò fẹ́ ni, àbí ó ti rẹ òun fúnra rẹ̀? Ẹ bi í léèrè ta ni ọwọ́ rẹ̀ tó o, àti bóyá òun máa kọ̀wé sí ẹni náà bí àbúrò yín bá fọwọ́ sí i. Ẹ bi í léèrè bóyá òun ṣì máa gbà á padà fún ìjíròrò lẹ́yìn tí dókítà bá ti ṣe tirẹ̀, torí ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ó bá dáhùn àwọn yìí tayọ̀tayọ̀, ẹ di í mú. Bí kò bá ní ìdáhùn kankan, ìyẹn ni ìgbà tí mo máa sọ pé kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Lọ́dọ̀ dókítà, ẹ béèrè nípa àwọn oògùn tó ń ran ni lọ́wọ́ lẹ́yìn ìjáwọ́. Ó ya mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ẹbí ń lo ọdún púpọ̀ nínú ìṣòro yìí láìgbọ́ orúkọ wọn rí, àwọn agbaninímọ̀ràn kan sì ń kórira wọn bí ẹni pé wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Disulfiram, tí wọ́n ti fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1951, máa ń mú kí ara ẹni tó bá mu ọtí lé e lórí dàrú, nítorí náà a kì í fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó mọ̀. Naltrexone, tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọtí ní ọdún 1994, ń dín adùn ọtí kù. Acamprosate, tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ ní ọdún 2004, ń ran ẹni tó ti jáwọ́ lọ́wọ́ kí ó má padà. Ipò ẹ̀dọ̀ki àti kíndìnrín rẹ̀ wà lára ohun tí dókítà máa fi yan èyí tó bá a mu.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọjọ́ tí gìrì mú un sílẹ̀, iye wákàtí tó ti kọjá lẹ́yìn ife tó mu kẹ́yìn, gbogbo oògùn tó ń lò, àti ìwọ̀n ọtí tó ń mu lóòjọ́ nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ ìwọ̀n náà, kí ẹ má sì bá a jiyàn lójú dókítà. Títí di ọjọ́ náà, kí ó má ṣàdédé ṣíwọ́. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ẹ̀gbọ́n láti gbọ́ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n gidigidi, tí iyè rẹ̀ ń dàrú, tàbí tí gìrì tún mú un, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó pe agbaninímọ̀ràn tàbí ẹnikẹ́ni.